Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere, láti Àkúrẹ́ lọ sí ìhà odò Ọwẹnà?

Ọmọ_Ìjàpọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìjàpọ̀ ni mò ń gbé ní Àkúrẹ́. Mo ní kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí táyà rẹ̀ tínrín tí ọwọ́ rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ sísàlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti rà á, ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gùn lọ gùn bọ̀. Ó ti sú mi. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀kadà sáré wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́lé sì ń da yanrìn sí ojú títì lójoojúmọ́. Mo gbé e lọ sí ọ̀nà Ọ̀wọ̀ nígbà kan, mi ò tíì gbúròó Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tí atẹ́gùn tírélà fi fẹ́ẹ̀ gbé mi sọ sínú igbó. Mo yí padà.

Ohun tí mò ń wá ni ọ̀nà ọlọ́dà tí ọkọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀, tó gba àárín oko kọjá, tó sì dé etí odò. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ odò Ọwẹnà, àmọ́ inú ọkọ̀ Èkó nìkan ni mo ti ń rí i, fìrí báyìí, ó ti kọjá. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi la jọ fẹ́ máa jáde ní àárọ̀ Sátidé. Agbára wa gbé kìlómítà 50 sí 60, bí òkè kò bá pọ̀ jù. Ìyàwó mi ní ohun méjì ni kí n béèrè kí òun tó fọwọ́ sí i: ṣé ọ̀nà náà kò léwu, àti ìgbà wo la ó padà wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìhà ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Sáré_Díẹ̀

Ẹ gba ọ̀nà Iléṣà. Ó fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì rẹ̀ sì láyè. Mo máa ń gùn ún dé Ìgbàrà-Òkè kí n tó padà. Ẹ ṣáà jí ní kùtùkùtù, kí ẹ sì tan iná pupa sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín. Kò sí wàhálà.

Kòkó_àti_Kẹ̀kẹ́

Ọmọ Ìjàpọ̀, ẹ kú ìbéèrè. Inú mi dùn pé ẹnìkan ń béèrè nǹkan yìí, torí ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn àgbẹ̀ kòkó nínú oko wọn, ní ìhà Ìdànrè, Ọwẹnà àti Oǹdó. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Bí ìsinmi bá dé, ojú ọ̀nà kan náà ni mo tún máa ń padà sí, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá yín lóhùn.

Sáré Díẹ̀, ẹ má bínú, mi ò lè gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀nà Iléṣà. Ó fẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀nà kan náà ni tó ti Ìbàdàn wá, tó gba Iléṣà, Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ kọjá lọ sí Bìní. Tírélà símẹ́ǹtì, táńkà epo, ọkọ̀ akérò tó ń lọ Àbújá, gbogbo wọn ló pàdé síbẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ gan-an ló ń jẹ́ kí awakọ̀ tẹ iná mọ́ ọn. Ọ̀nà Adó-Èkìtì náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀.

Tí mo bá ń wá ọ̀nà tó dákẹ́, mi ò kì í kọ́kọ́ wo bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe rí. Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, ta ló ní iṣẹ́ lórí ọ̀nà yìí, aago mélòó ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà? Ọ̀nà tó so ìlú ńlá méjì pọ̀, ọkọ̀ àwọn méjèèjì ni yóò máa gbà á. Èyí tó parí sí ìlú kan ṣoṣo, tí èrò ọ̀nà jíjìn kò ní ìdí láti gbà kọjá, àwọn onílé àti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni ẹ ó bá lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé ọ̀nà Ìdànrè ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bọ́ sí i láti Òkè-Àró. Kò tó kìlómítà 30 láti ibẹ̀ dé Odòdé ní Ìdànrè, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ wà nínú ohun tí ẹ ní agbára yín gbé. Òkè wà lọ́nà o, mi ò ní purọ́ fún yín. Kì í ṣe òkè tó máa lé yín sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn àti sísọ̀ ni títí. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní jíà tó fẹ́lẹ́ yóò gbádùn rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ Àládé, àpáta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lókè igi kòkó, dúdú, ńláńlá, títí tí yóò fi yí yín ká. Àwọn òkè yẹn wà nínú àkọsílẹ̀ tí ìjọba wa fi ránṣẹ́ sí UNESCO ní 2007, pé kí wọ́n kà wọ́n mọ́ ogún gbogbo ayé. Kò sí ìgbà tí mo dé ibẹ̀ tí mi ò kì í dẹ ẹsẹ̀. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ kò lè rí i bẹ́ẹ̀, torí àpáta náà máa ń yí ojú padà bí ọ̀nà bá ti yà, kẹ̀kẹ́ ló ń jẹ́ kí èèyàn rí gbogbo ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ọdún Orósùn, ẹ yàgò fún ọ̀nà yẹn, nítorí àlejò máa ń kún un.

Ọ̀rọ̀ kòkó ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Láti oṣù kẹwàá wọ oṣù kìíní ni ìkórè ńlá wa. Ọ̀nà Ìdànrè tó dákẹ́ lóṣù kẹjọ kì í dákẹ́ mọ́ lákòókò yẹn. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké ń lọ ń bọ̀ láàárín oko àti sítọ́ọ̀ àwọn arakòkó, ọ̀kadà náà ò gbẹ́yìn. Àpò kòkó kan tó kún jẹ́ kìlógíráàmù 62.5, mẹ́rìndínlógún ló ń wọ tọ́ọ̀nù kan. Ẹ ó rí ọ̀kadà tó gbé méjì dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á yọ síta lọ́tùn-ún lósì. Ọlọ́kadà náà kò lè yà fún yín bó tilẹ̀ fẹ́, torí bó bá yí ọwọ́ lójijì, ẹrù á gbé e ṣubú. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn, ẹ fà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátápátá, kí ẹ jẹ́ kó lọ. Kò ná yín ní nǹkan kan.

Lásìkò yẹn náà ni wọ́n máa ń sá kòkó sí etí títì. Wọ́n á ti kó o jáde lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n sé e mọ́ fún bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, òórùn rẹ̀ á kan yín nímú kí ẹ tó rí i, ó kan bí ẹmu àná. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tapólì, nígbà mìíràn sórí ọ̀dà gan-an, torí ọ̀dà máa ń gbóná. Ìyá kan á wà níbẹ̀ láìwọ bàtà, á máa fi ẹsẹ̀ la àárín rẹ̀ lọ bọ̀ kí tòkè lè di tìsàlẹ̀. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ kòkó kò fẹ́ kí wọ́n máa sá a sórí títì, nítorí iyanrìn àti èéfín ọkọ̀. A ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní pákó tó ga sí àgbàlá rẹ̀, tí òjò sì ń ṣú lókè, kí ni ẹ fẹ́ kó ṣe? Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gun kẹ̀kẹ́ gba orí rẹ̀, ì báà ṣe etí rẹ̀ nìkan. Kóró tó fọ́ ń dín owó àgbẹ̀ kù lójú arakòkó. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú tí àyè kò gbà yín, ẹ dúró kó kọjá, tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ fa kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá." Ìkíni yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Màá tún padà sí ìdí rẹ̀.

Ó wá ku odò tí ẹ béèrè gan-an. Àwọn kan máa rò pé odò Àlá tó gba àárín Àkúrẹ́ lè mú wọn dé Ọwẹnà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlá ń ṣàn lọ sí ìhà gúúsù ìlà-oòrùn, inú Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló ń wọ̀, Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ sì ń lọ bá Ọ̀sẹ́. Ọwẹnà wà ní ìhà kejì, ní ìwọ̀-oòrùn wa. Afárá tí ẹ ń rí fìrí nínú ọkọ̀ Èkó wà ní ìlú Ọwẹnà, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Oǹdó, ó tó bí ìdajì ọ̀nà. Mo mọ̀ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀nà tó so ìlú méjì pọ̀ kò dára. Èyí so Àkúrẹ́ mọ́ Oǹdó, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Èkó ń gbà já sí Ọ̀rẹ̀. Àmọ́ ó ní wákàtí tirẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó máa ń ti Àkúrẹ́ gbéra láàárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àwọn tó ń ti Èkó bọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jí gbéra, ọ̀sán ni wọn yóò máa dé ìhà wa. Láàárín àwọn méjèèjì, bí aago mẹ́jọ àbọ̀ sí mọ́kànlá, ọ̀nà náà máa ń mí kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá ṣe tètè jí tó ni ọ̀nà á ṣe dákẹ́ tó. Lórí ọ̀nà Oǹdó, ẹni tó jáde ní aago mẹ́fà àbọ̀ ló bọ́ sáàárín àwọn ọkọ̀ Èkó. Ẹ jẹun kékeré nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ tán, kí ẹ wá tẹ̀ lé wọn.

Ẹ ó kọjá Àpọ́nmú, níbi tí igbó ìjọba wà. Igi ibẹ̀ ga, atẹ́gùn tútù á fẹ́ sí yín lára. Ẹ gbádùn rẹ̀ lórí títì, ẹ má yà wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá dé Ọwẹnà, ẹ má dúró lórí afárá, torí ọkọ̀ tó ń bọ̀ kò retí ẹni tó dúró síbẹ̀. Ẹ kọjá rẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tajà, kí ẹ bẹ wọ́n kí wọ́n bá yín wo kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà kí ẹ fẹsẹ̀ rìn padà lọ wo odò. Ní oṣù kẹsàn-án ẹ ó bá a ní pupa rúsúrúsú, tó kún, tí igi wíwó ń bá omi lọ. Ní oṣù kejì, òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ó máa rí, omi á wá máa gba àárín wọn kọjá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní oṣù kejì jù, torí ìgbà yẹn ni èèyàn ń gbọ́ ohùn omi náà. Ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà wà ní Ọwẹnà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi kì í fi jìnnà sí ìlú náà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ọsàn kò wọ́n létí títì. Ẹ ra ọsàn, kí wọ́n bá yín bó o.

Ó ku ti ìyàwó yín. Ẹ sọ fún wọn pé ìbéèrè tó dára ni wọ́n béèrè. Ìdákẹ́jẹ́ oríṣi méjì ló wà lójú ọ̀nà wa. Ọ̀kan ni èyí tí ọkọ̀ kò sí ṣùgbọ́n tí èèyàn wà: abúlé kan kò jìnnà sí èkejì, ẹnìkan ń gbé igbá lọ sóko, ẹnìkan ń pọn omi, ọmọdé ń ké "Òyìnbó!" sí yín nítorí akoto tí ẹ dé. Èkejì ni èyí tí kò sí ọkọ̀, tí kò sì sí èèyàn. Èkejì yìí, bó ti wù kó dùn ún wò tó, ẹ má gbà á. Lásìkò tí a wà yìí, ẹni tí kò sẹ́ni tó rí i lójú ọ̀nà kò ní olùgbèjà. Bí mo bá ti gùn ún títí tí mi ò rí ẹnikẹ́ni tí mo lè kí, mo máa ń yí padà, mi ò kì í bi ara mi lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí tí mo fi ní ìkíni ṣe pàtàkì nìyẹn. Ẹni tí ẹ kí ní àlọ á mọ̀ bí ẹ kò bá bọ̀. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta ni wọ́n mọ ìròyìn ọ̀nà jù. Ẹ dúró, ẹ bi wọ́n pé, "Báwo ni ọ̀nà lónìí?" Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ gbọ́ tiwọn. Àwọn Àmọ̀tẹ́kùn, tí ìpínlẹ̀ wa ti dá sílẹ̀ láti 2020, máa ń wà lójú ọ̀nà náà, ẹ kí àwọn náà, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ má dá rìn. Ẹ má jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, kí ẹ sì ti wà nílé kí aago méjìlá tó lù. Èsì ìbéèrè kejì ìyàwó yín nìyẹn.

Bí òkè bá ń dẹ́rù ba àbúrò ìyàwó yín, ẹ kọ́kọ́ mú un gba Ìbúlè lọ sí Ìlárá-Mọ̀kín. Ọ̀nà kúkúrú ni, ilé pọ̀ lọ́nà. Kò sí odò ńlá níbẹ̀, ṣùgbọ́n á mọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ_Ilé-Olújì

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀gbọ́n Kòkó. Obìnrin ni mí, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ ní ìhà Oǹdó. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, bí ẹ bá lè fi ọkọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ yín dé Oǹdó, ẹ gùn ún láti Oǹdó lọ sí Ilé-Olújì. Ọ̀nà kòkó ni òun náà, ilé iṣẹ́ tó ń sọ kòkó di bọ́tà wà nílùú wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Poli sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2014, ọ̀kadà àti táàsì akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ sí i láàárín ọ̀sẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ó máa ń rọlẹ̀.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n ni ọjọ́. Sátidé ni ọjọ́ ìnáwó lọ́dọ̀ wa. Ìsìnkú ni, ìgbéyàwó ni, ìwúyè ni. Láti bí aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ àwọn tó wọ aṣọ ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ara wọn, ọkọ̀ òkú á wà níwájú, wọ́n á máa fọn fèrè, àwọn ọ̀dọ́ á jókòó sójú fèrèsé ọkọ̀. Ojú wọn kò sí lójú ọ̀nà rárá. Ọ̀nà abúlé ni wọ́n sì ń lọ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú àgbà. Sunday ni kí ẹ jáde. Láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, gbogbo ayé wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ó gùn ún bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ni títì. Èmi máa ń lọ sí ìsìn àárọ̀, mo sì ń bọ́ sí ojú ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa èèyàn ojú ọ̀nà kò sì bàjẹ́, nítorí ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wà létí títì, ìró ìlù wọn ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti dé àárín èèyàn.

Fún ẹ̀yin obìnrin tó bá ń ka èyí: mo máa ń wọ ṣòkòtò tó gùn kọjá orúnkún, mo sì ń so ìró pẹlẹbẹ kan mọ́ inú àpò ẹ̀yìn mi. Bí mo bá fẹ́ dúró ní abúlé, màá ró o. Àwọn ìyá àgbà á fún mi níjòókòó, wọ́n á fún mi lómi, wọ́n á bi mí ọmọ ta ni mí. Bí wọ́n bá ti mọ ilé wa, ọ̀nà yẹn ti di ọ̀nà mi nìyẹn.

Sáré_Díẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Kòkó, mo gbọ́ tiyín. Mi ò tíì gbọ́ ìṣirò ọkọ̀ Èkó yẹn rí, ó sì mọ́gbọ́n wá. Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gùn ún ní eré gidi, tí kò fẹ́ kòtò rárá, kò tíì sí ọ̀nà tó dán tó ti Iléṣà nítòsí wa. Mo kàn ń sọ tèmi ni.

Ọmọ_Ìjàpọ̀

Ẹ̀gbọ́n, àti ẹ̀yin àǹtí Ilé-Olújì, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lọ ṣọ́ yín bọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí, wọ́n ní kí n bá wọn kí yín. Wọ́n ti fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àdéhùn pé a ó máa pe wọ́n lórí fóònù ní Àpọ́nmú àti ní Ọwẹnà. Ìsìn àárọ̀ ni àwa náà ń lọ, nítorí náà Sunday rọrùn fún wa. A ó fi ọ̀nà Ìlárá bẹ̀rẹ̀, kí a tó lọ sí Ọwẹnà, lẹ́yìn náà kí a gbìyànjú Ìdànrè.

Ó ku ohun mẹ́ta. Kí ni ká ṣe lákòókò òjò? Bí táyà bá jò láàárín oko ńkọ́? Omi mélòó ni ká gbé dání?

Kòkó_àti_Kẹ̀kẹ́

Àǹtí Ilé-Olújì borí mi lórí ọ̀rọ̀ Sátidé, mo gbà fún un tọkàntọkàn. Ti Sunday náà, ìṣirò ọkọ̀ Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní òwúrọ̀, àmọ́ ní ọ̀sán ẹ múra gidigidi: àwọn tó wá ṣe ìnáwó ní Sátidé ni wọ́n ń sáré padà sí Èkó àti Ìbàdàn. Kí aago méjìlá má bá yín lórí ọ̀nà Oǹdó ní Sunday.

Òjò: kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ ló burú jù, èyí tó rọ̀ lánàá ni. Níbi tí ọ̀nà oko bá ti pàdé títì, táyà ọkọ̀ máa ń kó ẹrẹ̀ pupa gun orí ọ̀dà. Bó bá ṣì tutù, ó ń yọ̀ gan-an lábẹ́ táyà tínrín. Tí ẹ bá rí i níwájú, ẹ ti fa bíréèkì yín kí ẹ tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ti wà lórí rẹ̀, ẹ má fa bíréèkì mọ́, ẹ má yí ọwọ́, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbé yín kọjá ní tààrà. Ìsàlẹ̀ òkè náà, omi máa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ jọ sí ibi tí ọ̀nà bá ti yà, pàápàá lọ́nà Ìdànrè níbi tí ẹ ó ti máa sáré sọ̀ kalẹ̀. Bí òjò bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ yà sí ìsọ̀ tàbí ilé èèyàn, ẹ má dúró sábẹ́ igi nítorí àrá. Ní Ìjàrẹ́ lọ́hùn-ún, ní oṣù kẹsàn-án 2019, àrá pa màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan náà lórí òkè. Ìtàn oríṣiríṣi ni wọ́n sọ nípa rẹ̀, mi ò ní dá sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí àwòrán rẹ̀ kò ní bá àrá ṣeré.

Àárín oṣù kẹjọ, tí òjò bá sinmi díẹ̀, dára púpọ̀. Ewé tutù, oòrùn kò mú, kòkó ńlá kò tíì dé. Bí ó bá ṣe tèmi ni, ìgbà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí Ìdànrè. Ní ọyẹ́, ẹ tan iná iwájú àti ẹ̀yìn lójú mọmọ, torí kùrukùru ọyẹ́ kì í jẹ́ kí awakọ̀ tètè rí yín.

Táyà: fọganáísà wà ní Ọwẹnà, wọ́n wà ní Àládé àti Odòdé, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń lẹ túúbù dáadáa. Àmọ́ fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára táyà tínrín kò bá ẹnu pọ́ǹpù wọn mu. Ẹ̀rọ wọn á ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń dé mọ́ ọn lórí kí ó lè gba pọ́ǹpù ọkọ̀, kò wọ́n, ẹ ra á kí ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé yín kí ẹ má bàa gbàgbé rẹ̀. Ẹ gbé pọ́ǹpù ọwọ́ àti túúbù tuntun méjì dání, nítorí bí táyà bá wọ kòtò tí rémù sì tẹ túúbù mọ́ òkúta, ihò méjì ló máa ń lu sí i lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣòro láti lẹ̀ létí títì. Tí àyè bá wà lára férémù yín, ẹ pààrọ̀ táyà náà sí èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 28 tàbí 32, ẹ má fún un ní afẹ́fẹ́ jù. Ọ̀dà wa kò dán tó ti ìlú Òyìnbó tí wọ́n ti ṣe kẹ̀kẹ́ yẹn, ọwọ́ àti ìdí yín á mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dé Àpọ́nmú.

Omi: ìgò méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi iyọ̀ fín-ín-fín àti ṣúgà sí ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ó rí omi inú ọ̀rá rà ní Ọwẹnà. Ẹ gbé owó kéékèèké dání, torí àwọn ìyá tó ń ta ọsàn kì í sábà ní ṣéńjì láàárọ̀, kò sì dáa kí ẹ fi owó ńlá há wọn láyà.

Bí ẹ bá ti mọ Sunday tí ẹ fẹ́ lọ sí Ọwẹnà, ẹ kọ ọ́ síbí. Bí n kò bá sí lóko, màá pàdé yín ní ibi tí ọ̀nà Oǹdó ti bọ́ kúrò láàárín ìlú, aago mẹ́jọ àbọ̀, ká jọ gùn ún lọ.

Ọmọ_Ilé-Olújì

Ẹ kọ ọ́ síbí tètè o. Bí mo bá gbọ́, màá gba ìhà Bọ́lọ́rundúró wá bá yín láti Oǹdó, ká pàdé lẹ́bàá afárá.